Bí a ṣe lè gbé ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì ga sókè láìná owó rẹpẹtẹ: ìjíròrò àwọn ọlọ́kọ̀ Òṣogbo

Oníkòkó kọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀gá awakọ̀ gbogbo. Píkọ́ọ̀pù Mitsubishi L200 àtijọ́ ni mo ń lò. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ni, fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà á, sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kòkó ni mo fi ń kó láti oko tí ó wà lápá Ìbòkun wá sí Òṣogbo. Láti ìgbà tí àwọn lọ́rì agégẹdú ti ń gba ọ̀nà oko náà, ipa táyà wọn ti jìn, ilẹ̀ àárín ipa méjèèjì sì ti yọ gọngọ sókè, tí ó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀, tí mo sì di ẹrù, ńṣe ni abẹ́ ọkọ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀ títí n ó fi jáde sí títì.

Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ náà ga ní nǹkan bí íǹṣì 2. Mo ti béèrè iye tí odindi ohun èlò rẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Ọsirélíà jẹ́, sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, owó náà kò sì jìnnà sí ìdajì iye tí ọkọ̀ mi yóò pa bí mo bá tà á lónìí. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ní òun yóò yí tọ́ṣọ̀n-bá iwájú (ọ̀pá irin tí ó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì níbẹ̀) títí yóò fi dé òpin, òun yóò sì to búlọ́ọ̀kù irin méjì méjì léra sáàárín áàsù ẹ̀yìn (irin gbọọrọ tí táyà ẹ̀yìn wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì) àti sípíríǹgì, pé ọ̀sán ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀. Owó tí ó pè kò ga, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ rí sí i?

Ìyá Onípákó fèsì:

Oníkòkó, ọmọ mi, o kú wàhálà ọ̀nà. Kí o tó fọwọ́ kan owó, dùbúlẹ̀ kí o wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ, kí o wo ibi tí ilẹ̀ ti ń ha á gan-an. Ibi tí ilẹ̀ bá ń ha kì í ní ẹrẹ̀ gbígbẹ lára, kì í sì í dípẹtà. Yóò máa dán ni. Ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ ohun tí o nílò fún ọ, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni sípíríǹgì ń gbé ga. Ṣáṣíì (férémù irin tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé), táǹkì epo, páìpù èéfín àti àwo irin tí ó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, gbogbo ìwọ̀nyí ni yóò gòkè bí o bá gbé sípíríǹgì ga. Ṣùgbọ́n inú áàsù ni dífẹ́ńṣà ẹ̀yìn (gíà tí ó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì) wà, áàsù sì jókòó sórí táyà. Bí o bá gbé ṣáṣíì ga dé òrùlé, ibi tí dífẹ́ńṣà náà wà ni yóò wà. Táyà tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìkan ni ó lè mú un jìnnà sílẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ tí èmi fi ń kó pákó, táyà àfirọ́pò tí wọ́n so rọ̀ sábẹ́ bọ́dì ẹ̀yìn ni ó ń gbálẹ̀. Mo ní kí wẹ́dà ṣe ìdè irin fún un nínú bọ́dì, lẹ́yìn orí awakọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Irin ìfakọ̀ tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ jó mọ́ ẹ̀yìn, mo ní kí wọ́n gé e kúrò, nítorí n kì í fi ọkọ̀ mi fa nǹkan kan. Kò sí sípíríǹgì kankan nínú ìyẹn, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ń kọjá níbi tí kò lè kọjá tẹ́lẹ̀.

Oníkòkó fèsì:

Ẹ ṣeun, mà. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àwo irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ilẹ̀ ń ha jù, orí bóòtì rẹ̀ méjì tilẹ̀ ti jẹ tán. Táyà àfirọ́pò náà ń kan ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tiyín. Ìdí dífẹ́ńṣà ẹ̀yìn ń dán díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú tó ti iwájú. Mo tún ṣàkíyèsí pé bí mo bá dúró síbi tí ilẹ̀ tẹ́jú, ọwọ́ òsì iwájú rẹlẹ̀ ju ọwọ́ ọ̀tún lọ, àti pé sípíríǹgì ẹ̀yìn kò tẹ̀ mọ́, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ̀rọ Òkè-Fìà fèsì:

Ọ̀gá Oníkòkó, ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ ti pàdánù gíga tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fún un. Nítorí náà, apá kan nínú íǹṣì 2 tí ẹ ń wá yìí, ohun ìní yín tẹ́lẹ̀ ni, ẹ kàn fẹ́ gbà á padà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tọ́ṣọ̀n-bá dáadáa, nítorí òun ni ó wà níwájú L200 àtijọ́, òun náà ni ó wà níwájú Nissan Hardbody, Land Cruiser 100 àti púpọ̀ nínú Hilux fọ́ọ̀-wíìlì tí ó ṣáájú 2005. Ọ̀pá irin gígùn kan ni, ó nà láti ara apá tí ó di táyà mú lọ sẹ́yìn lábẹ́ ṣáṣíì. Ìdí rẹ̀ kan wọnú apá táyà, ìdí kejì wọnú irin kékeré kan tí bóòtì ńlá ń tì. Nígbà tí táyà bá gun òkúta, ọ̀pá náà yóò lọ́; bí ó bá sì ti ń gbìyànjú láti tú ara rẹ̀, ni ó ń ti táyà padà sísàlẹ̀. Bí a bá yí bóòtì ẹ̀yìn yẹn wọlé, apá táyà yóò tẹ̀ sísàlẹ̀, iwájú ọkọ̀ yóò sì gòkè láìjẹ́ pé a ra ohunkóhun. Ìdí nìyí tí gbogbo mẹkáníìkì fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé yíyí i ni ó ń mú kí irin náà le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sísanra àti gígùn irin ni líle rẹ̀ wà, bóòtì kò sì lè yí ìyẹn padà. Ohun tí ó ń mú kí ọkọ̀ máa lu awakọ̀ nídìí ni pé apá táyà ti sún mọ́ rọ́bà tí ó yẹ kí ó kàn nígbà tí táyà bá sọ̀kalẹ̀ tán. Bí táyà bá já sí kòtò, kò sí àyè tí yóò sọ̀kalẹ̀ sí mọ́, irin yóò sì kan rọ́bà gbàgà. Bí ẹ bá rí L200 tí iwájú rẹ̀ ga fíofío, tí ó sì ń pariwo ní gbogbo ihò, wọ́n ti yí i dé òpin ni. Kò tán síbẹ̀: ṣáfùtì tí ó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú yóò dagun, rọ́bà orí rẹ̀ yóò ya, gíríìsì yóò dà nù, iyanrìn yóò wọlé, bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì náà yóò sì tètè jẹ. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ níbi bóòtì á di owó ṣáfùtì. Mílímítà 25, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì 1, ni ó máa ń tẹ́ mi lọ́rùn níwájú irú ọkọ̀ yìí. N kò ní bá ẹnikẹ́ni kọjá 40.

Awakọ̀ Àgbà fèsì:

Mo kí gbogbo yín. Èmi kò rí ìdí tí a fi ń gbé ọkọ̀ ga. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná nígbà náà, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ó ń fà á, ó sì ń wọ oko kòkó, ó ń jáde. Ọkọ̀ tí ó bá ga, tí ẹ tún wá to àpò kòkó lé e lórí, ẹ dé ibi tí ọ̀nà Iléṣà ti yí kọ́rọ́, kí ẹ sì rí i bí yóò ṣe dẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé ọkọ́, kí ẹ gé ilẹ̀ àárín ọ̀nà yẹn lulẹ̀.

Ẹ̀rọ Òkè-Fìà fèsì:

Bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ nípa dídẹ̀gbẹ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dúró sí íǹṣì 2. Bí ṣáṣíì bá ti ga, ẹrù náà ti ga pẹ̀lú, fífẹ̀ ọkọ̀ kò sì yí padà. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ ga gbọ́dọ̀ dín eré kù ní kọ́nà, kò sí àwíjàre. Ní ti ọkọ́, lọ́rì agégẹdú yóò tún padà wá lọ́la ni.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ fèsì:

Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù jẹ́ ewé irin mélòó kan tí wọ́n tò léra, èyí tí ó gùn jù ní bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà tí bóòtì ń gba àárín rẹ̀ kọjá) lẹ́nu méjèèjì, bóòtì àárín kan dè wọ́n pọ̀, yúù-bóòtì (bóòtì tí a tẹ̀ bíi lẹ́tà U) sì dè wọ́n mọ́ áàsù. Nígbà tí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn wa ń gbà gbé e dìde. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ láti tún un tẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin ẹnu ọ̀nà. Òun ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá tí ó mú jù, nítorí líle tí iná àti òróró ti fún un. Ẹni tí ó bá kì í sínú ẹwìrì títí ó fi pọ́n, tí ó tẹ̀ ẹ́, tí ó sì jù ú sílẹ̀ kí ó tutù fúnra rẹ̀, ó ti gba líle náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ga dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, yóò sì tún tẹ́ bí ẹrù bá ti gùn ún fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́ ní tútù, yóò máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu kan dé èkejì, yóò sì máa fi ewé kan wé èkejì kí wọ́n lè bára mu. Bí ó bá jẹ́ iná ni yóò lò, ó gbọ́dọ̀ rì í sínú òróró, kí ó sì tún padà yá a níná díẹ̀ kí ó má baà ṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni èmi fẹ́ràn jù fún Oníkòkó: kí a fi ewé kan kún un. Ẹ lè rí ewé tòkunbọ̀ ní ọjà Arárọ̀mí ní Gate, n'Íbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ọkọ̀ mu, kí ó sì tẹ̀ ju àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ díẹ̀. Wọn yóò gé e sí gígùn tí ó yẹ, wọn yóò lu ihò bóòtì àárín sí i, wọn yóò sì fi í sáàárín àwọn tí ó gùn jù àti àwọn tí ó kúrú. Yóò gbé ọkọ̀ ga, yóò sì tún ru ẹrù. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa ta nígbà tí ẹ kò bá di ẹrù, àmọ́ ọkọ̀ kòkó kì í sábà ṣófo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ́dà lu ihò náà tàbí kí ó jó ohunkóhun mọ́ ewé sípíríǹgì. Ibi tí iná wẹ́dà bá ti kàn ni yóò ti ṣẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí a fi ṣákù tí ó gùn rọ́pò èyí tí ó so ẹnu ẹ̀yìn sípíríǹgì kọ́ mọ́ ṣáṣíì. Ìdajì ni èrè rẹ̀: bí ẹ bá fi íǹṣì 2 gùn ún, ọkọ̀ yóò ga ní íǹṣì 1 péré, nítorí ẹnu kan ṣoṣo ni ó sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá gùn jù, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì.

Wẹ́dà Alékùwódò fèsì:

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ń bú búlọ́ọ̀kù? Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ni búlọ́ọ̀kù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Èmi a máa gé páìpù onígun mẹ́rin tí ó nípọn, n ó jó o pa, ó parí. Kò sí ohun tí ó pọ́ọ́kú tó o.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ fèsì:

Ọ̀gá Wẹ́dà, n kò bú búlọ́ọ̀kù, páìpù ni mo ń bú. Búlọ́ọ̀kù ilé-iṣẹ́ jẹ́ irin tí inú rẹ̀ kò ṣófo, ó ní ọmọrí lókè tí ó wọnú sípíríǹgì àti ihò nísàlẹ̀ tí ó gba orí bóòtì àárín, kí áàsù má baà yọ̀ síwá sẹ́yìn. Páìpù tí inú rẹ̀ ṣófo lè tẹ̀ wọnú lọ́jọ́ kan tí ẹrù bá pọ̀ tí táyà sì kan gegele. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, yúù-bóòtì yóò dẹ̀, áàsù yóò sì kúrò láyè rẹ̀ lórí eré.

Ohun mìíràn tún wà. Bí a bá tẹ pẹ́dà tí ó ń mú ọkọ̀ sáré, bí púrópẹ́là (ọ̀pá tí ó ń gbé agbára láti gíà lọ sẹ́yìn) ṣe ń yí dífẹ́ńṣà, áàsù fúnra rẹ̀ náà máa ń fẹ́ yí padà lábẹ́ sípíríǹgì. Bí búlọ́ọ̀kù bá ṣe ga tó ni agbára tí áàsù yóò fi lọ́ sípíríǹgì yóò ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí kò ga ju íǹṣì 1 sí 2 lọ, pẹ̀lú yúù-bóòtì tuntun tí ó gùn tó. Èjì lórí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì Oníkòkó ti wí, rárá o. A kì í sì í fi búlọ́ọ̀kù sí áàsù iwájú tí ó ń lo sípíríǹgì ewé, nítorí bíréèkì iwájú ni ó ń gba ìwúwo ọkọ̀ jù nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Wẹ́dà Alékùwódò fèsì:

Ó yé mi. Irin tí inú rẹ̀ kò ṣófo ni, ẹyọ kan ṣoṣo. N ó máa rán wọn lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ gé irin.

Hilux Eléérú fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ya bàrá. Hilux 2010 ni tèmi, kò ní tọ́ṣọ̀n-bá níwájú. Wọ́n ní kí n fi rọ́bà há àárín sípíríǹgì rẹ̀. Ṣé ó dára?

Tọ́nà Òṣogbo fèsì:

Àbúrò, Hilux tí ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2005 ń lo sípíríǹgì wíwé tí ṣọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀ níwájú. Rọ́bà tí wọ́n ń há sáàárín wíwé sípíríǹgì a máa gbé e ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń pa wíwé tí ó bá há sí. Àwọn yòókù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ti gbogbo wọn. Fún ọkọ̀ kékeré tí a fẹ́ tà, mo lè gbà. Fún Hilux tí ń wọ oko, rárá.

Ohun tí ó yẹ ọ ni òrùka tí a ń fi sórí ṣọ́ọ̀kì, níbi tí bóòtì mẹ́ta rẹ̀ ti di ṣáṣíì mú. Òṣogbo tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ Machine Tools, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgérin, sí kò yẹ kí ó máa wá tọ́nà tí yóò gé irú nǹkan báyìí kiri. Alumíníọ̀mù tí inú rẹ̀ kò ṣófo ni kí o mú wá, má ṣe lo pákó, má ṣe lo nọ́ọ̀tì tí wọ́n tò léra. Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀: ibi tí ìdí ṣọ́ọ̀kì ti kan apá ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀nà láti ṣáṣíì dé táyà. Nítorí bẹ́ẹ̀, òrùka tí ó nípọn ní mílímítà 25 yóò gbé ọkọ̀ ga ní nǹkan bí 50. Ẹni tí ó bá fẹ́ íǹṣì 2, tí ó wá gé òrùka oníǹṣì 2, yóò rí ṣáfùtì rẹ̀ tí yóò dagun kọjá ààlà, yóò sì rò pé tọ́nà ni ó ba ọkọ̀ òun jẹ́.

Òrùka mìíràn wà tí wọ́n ń kì bọ orí sípíríǹgì gan-an. Ìyẹn gba pé kí a fún sípíríǹgì pọ̀ kí a tó lè tú u. Bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe é fún ọ kò bá ní irin ìfúnsípíríǹgì, tí ó ń fi ṣéènì so ó, kúrò níbẹ̀. Sípíríǹgì tí ó bá já lè pa ènìyàn.

Hilux Eléérú fèsì:

Ẹ ṣé, ọ̀gá mi. Àwọn kan tún ní kí n gbé bọ́dì nìkan ga kúrò lórí ṣáṣíì ńkọ́?

Ẹ̀rọ Òkè-Fìà fèsì:

Ìyẹn ń fi àyè sílẹ̀ fún táyà ńlá, kò sì gbé ṣáṣíì kúrò nílẹ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dé fìlà gogoro tí ó ní òun ti ga sí i. Irin sìtíárì, páìpù epo àti wáyà gbogbo ni ẹ ó tún fà gùn. Ẹ fi í sílẹ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò fèsì:

Ìyá Onípákó ti sọ pé táyà nìkan ni ó ń gbé dífẹ́ńṣà ga. Ẹ jẹ́ kí n fi iye hàn wá, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra táyà láìmọ ohun tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ń sọ.

Ká ní 235/75R15 ni ó wà lẹ́sẹ̀ L200 Oníkòkó. Fífẹ̀ táyà ní mílímítà ni 235. Ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 75 nínú 100 fífẹ̀ náà, ìyẹn 176.25, ògiri wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ó di 352.5. Rímù íǹṣì 15 jẹ́ mílímítà 381. Àpapọ̀ gíga táyà jẹ́ 733.5. Bí ó bá bọ́ sí 265/75R15, ògiri méjèèjì yóò jẹ́ 397.5, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 778.5. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mílímítà 45, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré, nǹkan bí 22, ni ó bọ́ sábẹ́ áàsù. Ìdajì kejì wà lókè áàsù, ó ń wá fẹ́ńdà kàn. Ẹ yí sìtíárì tán lọ́tùn-ún àti lósì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wò ó bóyá ó ń ha nǹkan kan.

Aago eré yóò máa purọ́: nígbà tí ó bá ń ka 100, eré tí ẹ ń sá gan-an yóò ti tó nǹkan bí 106. Ẹ́ńjìnnì yóò sì wúwo díẹ̀ sí i láti gbéra pẹ̀lú ẹrù. Ẹ rántí pé ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì kì í lo táyà oríṣi méjì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ga bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gíà tí ó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn ni yóò san gbèsè náà. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára ògiri táyà: 2219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019. Táyà lè ní eyín dáadáa lára kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó.

Ìyá Onípákó fèsì:

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Oníkòkó, táyà rẹ tí ó wà níbẹ̀ ńkọ́? Bí eyín rẹ̀ bá ṣì dára, má ṣe jù ú nù nítorí mílímítà 22. Dúró kí ó jẹ tán, kí o wá ra èyí tí ó tóbi nígbà tí ìwọ yóò ra táyà náà ni. Owó tí o máa ná bó ti wù kó rí ni.

Ẹ̀rọ Òkè-Fìà fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn ohun kéékèèké tí àwọn mẹkáníìkì olówó pọ́ọ́kú kì í wò, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà ju ibi sípíríǹgì lọ.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gòkè, ẹ fi jáàkì gbé ṣáṣíì títí táyà yóò fi sọ̀kalẹ̀ tán, kí ẹ wá wo páìpù rọ́bà bíréèkì. Bí ó bá ti nà tọ̀nnà, ẹ ra èyí tí ó gùn tàbí kí ẹ sọ ibi tí wọ́n so ó mọ́ kalẹ̀. Ẹ wo páìpù kékeré tí dífẹ́ńṣà fi ń mí náà, bí ó bá já, omi odò yóò wọ inú òróró rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni fáàfù bíréèkì ẹ̀yìn. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, L200 àti Hilux wà lára wọn, fáàfù kan wà lára ṣáṣíì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ mọ́ áàsù ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ṣáṣíì sísàlẹ̀, irin náà yóò sọ fún fáàfù pé ẹrù wà, fáàfù yóò sì jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn gba agbára púpọ̀. Bí a bá wá gbé ṣáṣíì ga, fáàfù yóò rò pé ọkọ̀ ṣófo ní gbogbo ìgbà, yóò máa du bíréèkì ẹ̀yìn ní agbára rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ di kòkó kún bọ́dì. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó: ìdè kékeré kan ni tọ́nà yóò gé tí yóò gbé ẹsẹ̀ irin náà ga lórí áàsù ní ìwọ̀n kan náà tí ṣáṣíì fi gòkè. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n so irin náà mọ́ra pẹ̀lú wáyà, tí fáàfù rẹ̀ fi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyẹn yóò mú kí táyà ẹ̀yìn di nígbà òjò tí ọkọ̀ bá ṣófo.

Aláínmẹ́ǹtì (títún ìdúró táyà tò) pọn dandan, nítorí táyà iwájú kò ní dúró ṣánṣán mọ́ lẹ́yìn tí apá rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò sì máa jẹ. Kí ẹ tún iná iwájú dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀ kí ẹ má baà fọ́ ojú àwọn tí ń bọ̀.

Awakọ̀ Àgbà fèsì:

Ọ̀rọ̀ fáàfù yẹn wọ̀ mí létí. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, n ó gbà fún yín.

Oníkòkó fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo ti pinnu nìyí. Táyà àfirọ́pò yóò kọ́kọ́ kúrò lábẹ́, yóò bọ́ sínú bọ́dì. A ó yí tọ́ṣọ̀n-bá, a ó sì gbé iwájú ga ní mílímítà 25 láti ibi tí ó yẹ kí ó wà, kì í ṣe láti ibi tí ó rẹ̀ sí báyìí. Lẹ́yìn, ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sí búlọ́ọ̀kù. Táyà yóò dúró di ìgbà tí èyí tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá jẹ tán. Ìbéèrè tí ó kù ni ti ọwọ́ òsì tí ó rẹlẹ̀: ṣé kí n ra tọ́ṣọ̀n-bá òsì tuntun ni?

Ẹ̀rọ Òkè-Fìà fèsì:

Kò tíì tó àkókò. Ẹ da òróró ìtúpẹtà sí bóòtì méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dípẹtà mọ́ra. Ní òwúrọ̀, ẹ fi jáàkì gbé ṣáṣíì iwájú títí táyà yóò fi rọ̀, kí ẹ fi irin ìgbọ́kọ̀dúró sí i kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sípánà fipá yí bóòtì náà nígbà tí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, yóò jẹ eyín rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ yí i, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ wà á síwájú sẹ́yìn kí apá táyà lè jókòó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ti dọ́gba ni kí ẹ dúró sí, kódà bí bóòtì òsì bá wọlé ju ti ọ̀tún lọ. Àyàfi bí ti òsì bá wọlé tán tí kò sì tíì dọ́gba ni ẹ ó wá ọ̀pá tuntun. Nígbà náà, ẹ rí i pé ti ọwọ́ òsì gan-an ni wọ́n tà fún yín, nítorí ti òsì kò ṣeé fi sí ọ̀tún.

Lẹ́yìn, kí ọmọ alágbẹ̀dẹ má ṣe dè bóòtì bọ́ọ̀ṣì sípíríǹgì pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀ ná, kí ẹ tó dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀ṣì yóò lọ́, yóò sì ya láìpẹ́. Yúù-bóòtì tuntun ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe padà sí ti àtijọ́ tí ó ti nà. Ẹ kó ẹrù díẹ̀, ẹ rin nǹkan bí 100 kìlómítà, kí ẹ padà wá kí n tún yúù-bóòtì dè, nítorí àwọn ewé yóò ti jókòó sórí ara wọn, wọn yóò sì ti dẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró hùn-ùn lábẹ́ ìjókòó lórí eré, tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Bí púrópẹ́là yín bá jẹ́ alápá méjì, a ó sọ bíárìn àárín rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú wáṣà kí ó lè padà tọ́.